Ta Ló Ń Fi Eré Sí Ọfà Bàbá?

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta

Nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ Bàbá bó ṣe máa tún máa sọ̀rọ̀ ní kí n máa kọ ohun tí Bàbá bá ṣe lójúmọ́ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sá. Ó ní kò burú, kí n ṣáà máa kọ. Ó dáa. Mò ń kọ. Ṣùgbọ́n kò ní kà á. Àǹtí Ẹnu ni mò ń pè é níhìn-ín, torí ẹnu niṣẹ́ ẹ̀.

Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti gba Bàbá ní apá ọ̀tún ni ẹnu ẹ̀ ti wọ́. Awakọ̀ ọkọ̀ àjàgbé ni. Ẹnu yẹn ti bú gbogbo ọlọ́pàá ojú títì, kò ṣẹ́ ẹnì kan kù. Báyìí, itọ́ nìkan ló ń ti ibẹ̀ jáde. Èmi ni mò ń nù ún. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ṣì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan wá fún un lónìí. Mo-Mọ̀-ọ́n lorúkọ tí mo fún ọkùnrin yẹn. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò ní máòsì. Ibì kan ló wà nísàlẹ̀ àwọn bọ́tìnnì, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo ọṣẹ. Ibẹ̀ lèèyàn máa fi ìka rà, kí ọfà kékeré tó wà lójú ẹ̀rọ tó rìn. Mo fọwọ́ kàn án — ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Òróró ọwọ́ ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀. Mo fi èékánná ha á, ohun dúdú kan jáde bí ìdọ̀tí etí. Díẹ̀ ló kù kí n bì sórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá.

Àǹtí Ẹnu to lẹ́tà ńlá ńlá sójú ẹ̀rọ. Bàbá fi ìka òsì kàn án. Ọfà sá lọ sí igun bí ẹni tó jí nǹkan. Ó tún kàn án, ó tún sá. Àǹtí Ẹnu ní eré ọfà ló ti pọ̀ jù. Ó ṣí ibì kan fún mi — ìlà kan wà níbẹ̀, orí kan wà lórí ìlà. Fa orí yẹn sọ́tùn-ún, ọfà á máa sáré. Fà á sósì, á máa rọra. Ó fà á sósì gan-an. Ọfà wá ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Bàbá ń tẹ lẹ́tà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wa na ọrùn. Ohun tó kọ ni: “Pa rédíò yẹn.”

Rédíò mi. Látìgbà tí kò ti lè sọ̀rọ̀, ohun tó ń dì sínú nìyí. Mo pa á. Mo lọ sẹ́yìn ilé. Eruku kó sí mi lójú níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta

Bàbá kọ ọ́ pé ọbẹ̀ kò níyọ̀. Kò níyọ̀ lóòótọ́. Ìyàwó mi kò bá èmi àti kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi àgbà wá. Alága ni mò ń pè é. Tó bá ti wọ yàrá, ó di ìpàdé nìyẹn. Ó fi áńkáṣífù bo imú. Ó ní yàrá ń rùn. Mo ní kó mú ọṣẹ wá nígbà tó bá tún ń bọ̀.

Ó ní dókítà ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógún láti wá wò ó bóyá orí Bàbá ṣì pé. Tí orí bá pé, Bàbá fúnra ẹ̀ á sọ ibi tó fẹ́ máa gbé. Tí kò bá pé, ó di ọwọ́ àkọ́bí. Àkọ́bí sì ti mọ ibi tó ń gbé e lọ: ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tó wà lókè lọ́hùn-ún. Ó ní ibẹ̀ dákẹ́. Ó ní koríko tútù wà níbẹ̀. Mo ní ṣé ewúrẹ́ ni Bàbá ni.

Kò sí ibi tí Bàbá ń lọ. Èmi ni mo gbé e wálé láti ọsibítù. Ẹ̀yìn mi ló gùn. Nígbà yẹn, Alága wà nípàdé.

Ni Alága bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú Bàbá, ó ń pariwo bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: ṣé ẹ mọ̀ mí? Bàbá fi ìka kan ẹ̀rọ. Ọfà bẹ́ gìjà. Gbogbo ohun tó jáde ò ju “gggbhhhk” lọ. Alága wò mí bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. Inú ẹ̀ ń dùn lábẹ́ áńkáṣífù. Mo rí i.

Nígbà tó lọ, mo ṣí ibi ìlà yẹn. Orí ìlà ti wà lápá ọ̀tún pátápátá, ó ti kan ògiri. Ẹnì kan ló fà á. Kì í ṣe òun ló gbéra ẹ̀ lọ síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹta

Mo mọ ẹni náà. Ta ló jókòó síbẹ̀ lálẹ́ ìjẹta, tó ń ta káàdì lórí kọ̀ǹpútà aláìsàn, tó ń jẹ itan adìẹ, tó tún ń fi ìka kan náà ra ojú ẹ̀rọ? Òróró ṣì wà níbẹ̀, ó ń dán bí iwájú orí ẹ̀.

Mo lọ bá Mo-Mọ̀-ọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún fóònù ṣe. Mo ní kó má fọwọ́ kan eré ọfà Bàbá mọ́. Ó ní òun ò fọwọ́ kàn án, ó fi ọmọ búra. Ó wá ní, àní ká tiẹ̀ ní òun ni, kọ̀ǹpútà gidi, eré ló yẹ kó máa sá, ọfà tó bá ń wọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́ nínú. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fi èékánná ọmọńdinrín wa eyín. Ó wo ohun tó wà jáde. Ó dá a padà sẹ́nu.

Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹta

Ọjọ́ tó dáa. Mo fá irùngbọ̀n Bàbá. Ó wo dígí fún ìgbà pípẹ́, ó kọ ọ́ pé: “O fá mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò.” Mo ní tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ onígbàjámọ̀, kó sọ. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìdajì ẹnu tó kù. Itọ́ ya. Mo ní ṣíọ̀. Mo nù ún.

Ẹni tí orí ẹ̀ ò pé kì í bú èèyàn dáadáa tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí dókítà gbọ́ ti ìdí ìkòkò yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta

Alága tún wá. Kò mú ọṣẹ wá. Mo wà níta, mò ń lẹ táyà fún oníkẹ̀kẹ́ kan, mo gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́nu géètì. Nígbà tí mo máa fi nu ọwọ́ tán tí mo wọlé, ó ti ń bi Bàbá ní ọ̀rọ̀, Bàbá sì ti ń kọ “ppppmmm.” Mo wo ìlà. Ọ̀tún. Ògiri.

Mo-Mọ̀-ọ́n kò sì yọjú látìgbà ìjà wa. Mo bi ìyàwó mi léèrè, mo fi ọgbọ́n bi í. Ó ní: “Èmi tí mò ń fọ aṣọ tí bàbá yín tọ̀ sí, èmi ni mo máa wá jókòó máa fi ọfà ṣeré?” Ọgbọ́n mi ò tó nǹkan. Ó kọjú sí ògiri sùn.

Ó ku Alága fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n Alága kò lè fi ọwọ́ ẹ̀ kan ohun tí Bàbá ti fọwọ́ kàn. Ó máa ń fi ìgbúnwọ́ ṣílẹ̀kùn wa.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹta

Mo ronú sí i bí oníṣẹ́ ọwọ́. Táyà tó bá ń yọ̀, kò rí ohun tó máa fi di ilẹ̀ mú ni. Mo gé rọ́bà tín-ín-rín lára túùbù, mo fi gúlúù mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ń fọwọ́ rà. Ó lẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ mi kì í tú.

Ọfà kò sáré mọ́. Ọfà kò rìn mọ́. Bàbá tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, ó wò mí. Gúlúù ń rùn, ó ń wúkọ́. Mo ní kó rọra ṣe sùúrù, ó máa tó gbóná. Kò gbóná.

Ọjọ́bọ̀, 14 Oṣù Kẹta

Àǹtí Ẹnu lo gbogbo àsìkò ẹ̀kọ́ Bàbá láti bó rọ́bà mi. Ó ní awọ ara èèyàn gan-an ni ibẹ̀ máa ń gbọ́, kì í gbọ́ rọ́bà. Ó ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èékánná ẹ̀ ya. Ó yọ máòsì kan nínú báàgì, ó ní ká máa lo ìyẹn títí gúlúù á fi tán. Ó fi ìlà ti máòsì hàn mí — ìlà tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibi ìfọwọ́rà. Ọ̀kan lè jẹ́ ìgbín, kí èkejì jẹ́ ehoro, nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe orí Bàbá ló ń dàrú. Tèmi ló ń dàrú lọ yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta

Máòsì ti kú. Mi ò fẹ́ sọ bó ṣe kú.

Ó dáa, kí n sọ ọ́. Kì í rìn lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e sórí pátákó, mo gbé pátákó sórí itan Bàbá. Bàbá tì í sósì, ó tún tì í sósì, pátákó tán, máòsì lọ. Pó ìtọ̀ Bàbá ló wà nísàlẹ̀. Mi ò tíì da pó nù.

Ìka méjì ni mo fi yọ ọ́, mo di imú, ó ń kán tótó. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó wo èmi, ó wo máòsì. Ó ní, “Ẹ má gbé e gba pálọ̀.” Bàbá ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ìgò fá ìyókù gúlúù kúrò lára ibi ìfọwọ́rà. A padà síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta

Mo fa ìlà sósì fúnra mi. Láti òní, tí Bàbá bá ti lò ó tán, mo máa pa á dé, mo máa fi okùn túùbù dì í bí ẹrù ọ̀nà jíjìn, mo máa tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tó bá fẹ́ fi eré sí ọfà, kó wá gé rọ́bà mi ná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹta

A ṣe ìdánrawò. Èmi ni dókítà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Kí lorúkọ yín? Ó kọ ọ́. Ọmọ mélòó lẹ bí? Ó to orúkọ gbogbo wa, ó tò ó bó ṣe tọ́. Ta lọkọ ọmọ yín obìnrin? Ó kọ “òmùgọ̀.” Orí pé. Orí tiẹ̀ pé ju ti dókítà lọ.

Mo wá bi í pé, níbo lẹ fẹ́ máa gbé? Ó gbé ìka kúrò. Ó ṣe bí ẹni tí oorun ń kùn, ó dijú. Mo ní kò burú, ìyẹn kò le, ká ṣáà má gbàgbé láti kọ “ilé” lọ́jọ́ náà. Kò lajú.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Dókítà dé, ọmọdé ni, bàtà ẹ̀ ń ké. Alága dé. Àǹtí Ẹnu dé. Ìyàwó mi ti fọ ilẹ̀. Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo tú okùn túùbù lójú gbogbo wọn, mo ṣí ibi ìlà, mo ní kí Àǹtí Ẹnu wò ó. Ó wà lósì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé e ka Bàbá lẹ́sẹ̀. Mo nu ìka ẹ̀. Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀.

Dókítà ní kí Bàbá kọ orúkọ ara ẹ̀. Alága gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń ṣàlàyé bí Bàbá ṣe rí tẹ́lẹ̀, bí ọkàn òun ṣe bàjẹ́ tó. Gbogbo ojú lọ sọ́dọ̀ Alága, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ojú tèmi wà lára ọfà.

Ọfà gbéra. Ó rọra lọ, ó gún régé. Kò lọ sídìí lẹ́tà kankan. Ó lọ sí igun ìsàlẹ̀. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ibì kan ṣí. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ibi ìlà ṣí. Ó gbá orí ìlà mú, ó fà á sọ́tùn-ún, ó fà á títí ó fi kan ògiri. Ó pa ibẹ̀ dé. Kò ṣì í níbì kankan. Bí awakọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn wọ inú ọgbà ara ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá fi ọwọ́ gbá ibi ìfọwọ́rà bí ẹni ń pa ẹ̀fọn. “Kkkkjjjjj.”

Dókítà kọ nǹkan sínú ìwé. Alága mí kanlẹ̀. Ẹnu mi là, mo fẹ́ sọ ọ́, mo ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ. Bàbá yí orí díẹ̀, ó wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọlọ́pàá bá dá ọkọ̀ wa dúró, ojú tó fi máa ń wò mí nìyẹn, kí n má bàa sọ ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Mo fa ọwọ́ mi padà.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kẹta

Mi ò sùn. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ mo gbé omi lọ bá a, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá a, mo fa ìlà sósì. Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin lẹ ń fà á látìgbà yìí. Ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ohùn Alága lẹ́nu géètì. Mo ti bá gbogbo ayé jà tán.

Ó kọ ọ́ pé: “Mo fẹ́ lọ.”

Mo ní síbo. Mo mọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní síbo.

“Òkè.” Ó sinmi. Ó tún bẹ̀rẹ̀. “Tí mo bá fúnra mi sọ ọ́, wọ́n á ní o ò tọ́jú mi. Jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ ló gbé mi lọ.”

Mo bínú. Mo ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe sí i létí, láti orí ẹ̀yìn mi tó gùn wá títí dé orí máòsì inú pó. Ó jẹ́ kí n kà á tán. Mo ní kí ni mo wá ṣe. Ó gbé ìka dání, kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó wá tẹ̀ ẹ́.

“Ojú ẹ. Ojú tó o máa ń ṣe tó o bá ń nù mí.”

Tọ́wẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣe ojú kankan. Mo rò pé inú ìwé yìí nìkan ni mò ń sọ ọ́ sí.

Ó kọ èyí tó gùn jù. Ó pẹ́. Omi ti tutù. “Mi ò bínú. Èmi náà ń rùn sí ara mi. Ṣùgbọ́n kí àlejò máa nù mí. Ojú àlejò kò lè dùn mí.”

Ọjọ́ Àìkú, 24 Oṣù Kẹta

Mi ò ní nǹkan kan láti kọ. Mo lọ wo ojú mi nínú dígí ọkọ̀ oníbàárà kan. Ojú náà burú lóòótọ́.

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹta

Dókítà ránṣẹ́ pè mí. Yàrá ẹ̀ ń rùn bí kápẹ́ẹ̀tì tó gba omi. Alága wà níbẹ̀. Àǹtí Ẹnu wà níbẹ̀. Dókítà ní Àǹtí Ẹnu ti sọ fún òun pé Bàbá kọ ọ̀rọ̀ tó yé èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní àìsàn yìí máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, á là díẹ̀, á tún ṣú. Ó ní èmi ni mò ń bá a gbélé. Ọ̀rọ̀ mi lòun máa gbà. Ó ní, “Ṣé ó ti kọ ohun tó nítumọ̀ sí yín nílé rí?”

Mo rántí ìdí ìkòkò. Mo rántí òmùgọ̀. Gbogbo ẹ̀ wà lẹ́nu mi, ó fẹ́ máa bọ́. Àǹtí Ẹnu ń wò mí. Ó mọ̀. Obìnrin yẹn, ẹnu niṣẹ́ ẹ̀, ó mọ ìgbà tí ẹnu bá di nǹkan mú.

Mo ní, “Rárá, dókítà. Lẹ́tà lásán ni.”

Àǹtí Ẹnu wo ilẹ̀. Alága gbá mi léjìká, ó ní, “Àbúrò, o ṣeun tó o sọ òótọ́.” Ọwọ́ ẹ̀ tutù, ó rin. Mo fi èjìká ra ògiri nígbà tí mò ń jáde.

Ní gbogbo àdúgbò, wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Alága ló já bàbá gbà lọ́wọ́ àbúrò tó ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Ìyàwó oníbúrẹ́dì sunkún sí mi lára. Ikun imú ẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì mi báyìí.

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Kẹta

Wọ́n wá gbé e lónìí. Kí wọ́n tó dé, mo wẹ̀ ẹ́. Mo nu ẹnu ẹ̀, mo nu ìdí ẹ̀, mo nu abẹ́ apá tí kò gbọ́ràn mọ́. Mi ò ní ṣíọ̀. Mo mú ojú mi dání gírígírí bí ẹni gbé ẹyin. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, mo fi eyín sí i.

Bàbá wo ojú náà. Ó wò ó pẹ́, bí ó ṣe máa ń wo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá fẹ́ tà fún un. Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Mo gbé e ka itan ẹ̀. Ìlà wà lósì. Ó rọra ń tẹ̀ ẹ́.

“Èyí tún burú jù. Padà sí ti tẹ́lẹ̀.”

Mo padà sí ti tẹ́lẹ̀. Ó mi orí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó wá gbé e.